Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Orin: Àtúnpalẹ̀ Orin Mẹ́ta Láti Inú Fíìmù Íńdíà Àtijọ́

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, mọ orin Íńdíà kan tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa kùn ún lẹ́nu, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè kankan dí ibi tí wọ́n ti gbàgbé. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn ni wọ́n gbọ́ ọ nílé sinimá, lásìkò tí tọmọdé tàgbà ń wọ́ lọ wo fíìmù Íńdíà. Èmi a máa rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, fíìmù Íńdíà kò ju kí ọkùnrin àti obìnrin máa sáré yí igi ká, kí wọ́n sì máa kọrin níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, àwọn orin yìí kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Bí wọ́n bá yọ gbogbo wọn kúrò, ìtàn náà á tètè parí." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí kí o tó dá wọn lẹ́jọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Àròkọ yìí ni èsì mi. Mo wá díẹ̀ nínú àwọn fíìmù náà rí, àwọn tí wọ́n kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán, mo sì wò wọ́n ní àwòtúnwò. Ohun tí mo rí yí ọkàn mi padà. Nínú fíìmù Íńdíà tó dára, orin kì í ṣe ibi tí ìtàn ti ń sinmi. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti ń sọ ohun tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè fi ẹnu lásán sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù lọ ló sábà máa ń ru ẹrù tó wúwo jù lọ.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni orin ti wà nínú fíìmù wọn. Fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀, Alam Ara, jáde ní ọdún 1931, orin méje ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1932, Indra Sabha jáde pẹ̀lú orin tó tó nǹkan bí 70! Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn òṣèré alárìnkiri tiwa, bí olóògbé Hubert Ògúndé, kì í ṣe eré láìkọrin.

Ẹni mẹ́ta ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe orin fíìmù kan: ẹni tó ṣe ohùn orin, akéwì tó kọ ọ̀rọ̀ sí i, àti akọrin. Òṣèré tí a ń wò kàn ń mi ẹnu ni. Ohùn ẹlòmíràn ni a ń gbọ́. Bí Lata Mangeshkar (1929 sí 2022) àti Mohammed Rafi (1924 sí 1980) ṣe di ìlú mọ̀-ọ́n-ká nìyẹn, tí ohùn wọn ń jáde lẹ́nu oríṣiríṣi òṣèré. Ní ti àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ orin, púpọ̀ nínú wọn ló ti jẹ́ akéwì gidi ní èdè Urdu kí fíìmù tó pè wọ́n. Lára wọn ni Sahir Ludhianvi, Shakeel Badayuni, Majrooh Sultanpuri àti Kaifi Azmi.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí àwa tí à ń sọ Yorùbá fi sọ́kàn. Èdè olóhùn ni èdè wa. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀, igbá lè di ìgbà. Ìdí nìyí tí àwọn orin kan tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ń fi ohùn òyìnbó kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fi máa ń dún bí ọ̀rọ̀ mìíràn létí wa. Hindi àti Urdu kì í ṣe èdè olóhùn. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe ohùn orin lè ṣe tirẹ̀ tán, kí akéwì tó wá wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu. Bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń rí. Iṣẹ́ akéwì dà bí iṣẹ́ télọ̀: ara ti wà nílẹ̀, òun ni yóò rán aṣọ tí yóò bá a mu.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún àwa olùgbọ́ ni pé ohùn tó dùn bí ohùn ayẹyẹ lè gbé ọ̀rọ̀ tó korò. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn nìkan, ààbọ̀ ló gbọ́. Orin tí Màmá àgbà ń kùn jẹ́ ẹ̀rí. Wọ́n rò pé orin ẹni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún ni. Orin ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ni.

Inú Shree 420, fíìmù Raj Kapoor tó jáde ní 1955, ni orin náà wà. Shailendra, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rélùwéè ní Bombay kó tó di akéwì fíìmù, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Shankar àti Jaikishan ló ṣe ohùn rẹ̀. Mukesh ló kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ fíìmù náà. "Shree" dà bí "Ọ̀gbẹ́ni" tiwa. 420 ni ẹsẹ òfin tí wọ́n fi máa ń mú àwọn oníjìbìtì ní Íńdíà títí di ọdún 2024, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe tiwa ní 419. Ọ̀gbẹ́ni Jìbìtì ni orúkọ fíìmù náà!

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Raj, ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú títì, ó ń lọ wáṣẹ́ ní Bombay. Ó so ẹrù kékeré mọ́ igi léjìká. Nínú orin náà, ó ń ka ohun tó wọ̀ sára lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá: bàtà láti Japan, ṣòkòtò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìlà láti Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn náà ló ní ọkàn òun kò ti ibòmíràn wá o, ti Íńdíà ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gẹ́gẹ́ bí orin ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, wọn kò sì jayò pa. Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1947 ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí Raj dé Bombay, ebi mú kí ó lọ fi àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un nítorí òtítọ́ rẹ̀ dógò gba owó. Kò pẹ́, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó oníjìbìtì. Ó bọ́ àkísà, ó wọ kóòtù olówó ńlá. Ìgbà yìí ni orin ìbẹ̀rẹ̀ tún padà sí mi lọ́kàn. Nígbà tí gbogbo aṣọ ara rẹ̀ jẹ́ ti àjèjì, ọkàn rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó wá ní aṣọ tó bá a mu, ọkàn ló sọnù. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Shailendra ti fi òwe yìí pamọ́ sínú orin ẹ̀rín kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí a bá yọ orin náà kúrò, a kò ní ní ohun tí a ó fi wọn ìṣubú Raj.

Orin kejì kò ní ẹ̀rín nínú. Pyaasa ni fíìmù náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Ẹni Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ". Guru Dutt ló darí rẹ̀ ní 1957, òun náà ló sì ṣe Vijay, ọ̀dọ́ akéwì tí kò rí ẹni tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tilẹ̀ kó ewì rẹ̀ tà gẹ́gẹ́ bí bébà àlòkù. Lóru ọjọ́ kan, Vijay wọ àdúgbò tí wọ́n ti ń fi àwọn obìnrin ṣòwò. Ó rí ọ̀kan tí wọ́n ń fipá mú jó fún àwọn ọkùnrin, nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ń ké nítòsí. Kò lè wò ó mọ́. Ó jáde, ó ń rìn lọ láàárín ojú pópó, ohùn Mohammed Rafi sì bẹ̀rẹ̀.

Sahir Ludhianvi ti kọ ewì yìí ní èdè Urdu ṣáájú fíìmù náà. Nínú ewì àkọ́kọ́, ègbè rẹ̀ ń béèrè ibi tí àwọn tó ń yin ìwà mímọ́ ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn wà, ó sì fi ọ̀rọ̀ ńláńlá tó ti èdè Páṣíà àti Lárúbáwá wá béèrè rẹ̀. Fún fíìmù, ó yí i padà. Ó fi ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gbọ́ béèrè ibi tí àwọn tó ń fi Íńdíà yangàn wà.

Àwọn kan lè sọ pé èyí jẹ́ bíba ewì jẹ́ nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlà-Oòrùn gbòòrò, kò sẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀ tí yóò dìde pé òun ni wọ́n ń bá wí. Íńdíà ní orúkọ, ó ní àsíá, ó ní ìjọba. Ọdún kẹwàá òmìnira ni fíìmù náà jáde, àwọn tó ń yangàn náà sì lè wà lórí ìjókòó nínú ilé sinimá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Sahir kò dín ewì rẹ̀ kù. Ó wá ẹni tí ewì náà ń bá wí rí ni. Ìbéèrè pèsìjẹ ni ègbè náà, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Bó ṣe ń ṣe àwítúnwí rẹ̀, àìsí èsì ń wúwo sí i, títí tí àwa tí à ń wò ó yóò fi mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gan-an ni èsì.

Orin kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Bandini, tó túmọ̀ sí "Obìnrin Ẹlẹ́wọ̀n", ni fíìmù tó gbé e jáde. Bimal Roy ló darí rẹ̀ ní 1963. S. D. Burman ṣe ohùn orin náà, Shailendra kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Asha Bhosle sì kọ ọ́. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ni a wà. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ ọkà lórí ọlọ, ó ń kọrin, àwọn yòókù ń gbọ́.

Àṣà kan wà ní àríwá Íńdíà pé lóṣù Sawan, nígbà òjò, ọmọbìnrin tó ti lọ ilé ọkọ máa ń padà sílé bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ ni yóò wá mú un. Wọ́n á so okùn jangirọ́fà mọ́ igi, àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe á tún pàdé. Nínú orin náà, obìnrin yìí ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó rán arákùnrin òun wá lọ́dún yìí. Ó ń rántí òjò, igi àti eré ọmọdé, ó sì ń béèrè bí ọmọ tí wọ́n kẹ́ ṣe wá di àjèjì.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú ọ̀rọ̀ orin náà. Kò dárúkọ ògiri, kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, kò dárúkọ wọ́dà. Ìyàwó ilé èyíkéyìí lè kọ ọ́ nídìí ọlọ. Ojú wa ló ń rí ògiri, etí wa ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, inú wa ni méjèèjì ti pàdé: arákùnrin kankan kò lè wọ ibẹ̀ wá. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ká ní akéwì sọ pé "mo wà lẹ́wọ̀n, àánú ara mi ń ṣe mí", a ó káàánú rẹ̀, a ó sì gbàgbé.

N kò sọ pé gbogbo orin fíìmù wọn ló rí báyìí o. Nínú Pyaasa kan náà, orin àlá kan wà tí Vijay àti ẹni tó fẹ́ràn nígbà kan ti ń jó láàárín kùrukùru. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, ìtàn náà kò ní tiro. Ìdánwò tí mo fi ń mọ orin tó dára nìyí: ta ló ń kọ ọ́, ta ló ń kọ ọ́ sí, níbo ló dúró sí, kí ni kò sì sọ? Orin tó bá ní èsì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kúrò ní ohun ìdárayá lásán. Ewì ni, ó sì yẹ ká fi ojú ewì wò ó. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè bi àwọn orin tiwa náà ní ìbéèrè yìí, ti àtijọ́ àti ti òde òní.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé orin Bandini lọ bá Màmá àgbà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì sun ẹkún ìyàwó nígbà tí wọ́n ń lọ ilé ọkọ. Mo túmọ̀ orin náà fún wọn díẹ̀díẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Wọ́n wá ní, "Àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń wá wò mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé bàbá àgbà rẹ. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni mo máa ń fẹ́ tẹ̀ lé e padà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, kí n má sì túmọ̀ rẹ̀ mọ́.