Ìjà Inú Ìwé àti Ìjà Orí Ilẹ̀

Ní ọdún 2013 ni ìwé àtìgbàdégbà kan tí a ń pè ní Acta Periodica Duellatorum bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Yúróòpù. Ohun tó dá lé ni ọgbọ́n ìjà àtijọ́ ilẹ̀ náà, ìjà onídà, ti ọlọ́bẹ àti ìjàkadì, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní AMHE ní ìkékúrú. Ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Adido lè kà á bí ẹni tó wà ní Paris. A gbé e yẹ̀ wò níhìn-ín nítorí pé ìbéèrè tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbé dìde láàárín àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n.

Ìbéèrè náà ni pé, ta ni ó ni ìmọ̀ ìjà? Ṣé ẹni tó ka ìwé ni, tàbí ẹni tó di ẹlòmíràn mú? Ọ̀nà méjì ni irú ìwé yìí sábà máa ń pín àwọn olólùfẹ́ sí. Àwọn kan á máa yọ̀ pé ohun tí ayé ń fojú eré ọmọdé wò ti wọ agbo àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn yòókù á máa kùn pé àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé pọ̀ nínú rẹ̀ ju àlàyé bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lọ.

Láti mọ orísun aáwọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n gbára lé. Fiore dei Liberi, ọ̀gá onídà ará Ítálì, kọ ìwé ẹ̀kọ́ ìjà rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1410. Ẹ̀dà mẹ́rin ni a mọ̀ lónìí. Ọ̀kan wà ní Bibliothèque nationale de France ní Paris. Nínú ẹ̀dà tó wà ní Getty Museum ní Los Angeles, ìjàkadì ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí ó tó kan ọ̀bẹ àti idà. Wọ́n fi adé sí ọ̀gá lórí, wọ́n sì so ọ̀já mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lábẹ́ orúnkún, kí òǹkàwé lè mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lékè. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni àwòrán lè mú dúró; kì í sọ èyí tó ṣáájú, kì í sì í sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó mọ ìdáhùn ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn délẹ̀. Iná ti kú. Eérú ni àwọn ará òde òní ń tú. Nítorí náà, a gbà pé ìhà méjèèjì jàre. Láìsí ọ̀mọ̀wé, a ó ṣi ọ̀rọ̀ àtijọ́ kà. Láìsí oníjà, a ó kọ ohun tí ara ènìyàn kò lè ṣe.

Iná tiwa kò tíì kú. Ní Tógò tó múlé tì wá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kabyè ń jìjàkadì níbi ọdún Evala ní oṣù keje. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ìjàkadì ń kó ọ̀pọ̀ èrò jọ sí pápá. Ohun tí ó wọ́n wa ni ojú ìwé. Lóòótọ́, ní ọdún 1959, Nigeria Magazine tẹ iṣẹ́ Ulli Beier jáde lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú Ẹdẹ. Níbi ọdún Ọbàtálá ní ìlú náà, Àjàgẹmọ àti Olúnwi máa ń jà. A ó mú Àjàgẹmọ lẹ́rú, Tìmì yóò sì rà á padà. Iṣẹ́ náà níye lórí púpọ̀. Síbẹ̀, ìtumọ̀ ìjà ni òǹkọ̀wé ń wá, kì í ṣe bí a ti ń jà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́.

Níbẹ̀ ni èdè ti di ọ̀ràn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìjàkadì kì í sọ̀rọ̀ gígùn. Yóò ní: dì í mú, tẹ̀ ẹ́ síwájú, gbá a lẹ́sẹ̀, gbé e ṣánlẹ̀. Inú àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú wọ̀nyí ni ìmọ̀ náà wà. Bí a bá fi «lutte» nìkan rọ́pò wọn nínú ìwé wa elédè méjì yìí, a ti fi orúkọ lásán sílẹ̀ fún àrọ́mọdọ́mọ.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Òtítọ́ ni. Ọfọ̀ àti oògùn oníjà wà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, a kò sì béèrè wọn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gbá ẹsẹ̀ kì í ṣe awo. Gbangba ni ọmọdé ti ń kọ́ ọ. Àwọn mìíràn yóò rán wa létí pé ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ gan-an ni a ń wá: orúkọ ìdìmú kọ̀ọ̀kan, bí àwọn àgbà Ṣábẹ̀ ṣe ń pè é.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lára ìwé àwọn ará Yúróòpù kò ju méjì lọ. Kí a má fi àwòrán kan ṣoṣo ṣàlàyé ìdìmú kan. Kí ó jẹ́ mẹ́ta ó kéré tán: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, òpin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ sì kà á sí etí àgbà tó mọ ìjàkadì kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀dọ́ méjì dán an wò lórí iyanrìn. Bí ohun tí a kọ bá dá ẹni sílẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ ní títẹ̀. Bí kò bá dá a, kí a tún un kọ nígbà tí ẹni tó lè tọ́ wa sọ́nà ṣì wà láàyè. Àwọn tó ń ka Fiore kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́.