Ta Ló Gbẹ́ Ọmọlangidi Náà?

Ní ìgbà kan tí mo lọ sí Amẹ́ríkà, mo wọ̀ sí ilé tọkọtaya kan tí wọn kì í rán ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé-ìwé. Inú ilé ni ìyá wọn ti ń kọ́ wọn ní ìwé, òfin ilẹ̀ wọn sì fi àyè gba irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Rọ́ṣíà ni ẹ̀kọ́ kàn. Orí tábìlì ìjẹun kún fún páálí, àlùmọ́gàjí, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Àwọn ọmọ náà ń gé páálí ní ìrísí matryoshka, ọmọlangidi igi tí ọ̀kan máa ń gbé inú èkejì. Wọ́n tún ń fi ìda ya ilà sára ẹyin kí wọ́n tó rì í sínú aró. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ kì í tòògbé nídìí ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ọmọlangidi yìí. Ìyá rẹ̀ dáhùn pé láti ayébáyé ni àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1890 sí 1900 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Vasily Zvyozdochkin ni ó gbẹ́ igi rẹ̀, ayàwòrán tí ń jẹ́ Sergey Malyutin ni ó sì kùn ún. Mẹ́jọ ni wọ́n: ọmọbìnrin tó gbé àkùkọ dúdú dání ni ó wà lóde pátápátá, ọmọ ọwọ́ tí a fi aṣọ wé ni ó sì gbẹ̀yìn nínú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọmọlangidi kan láti ilẹ̀ Japan ni wọ́n wò ṣe é. Nígbà tí ó di ọdún 1900, ó gba àmì-ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris. Ní Moscow ni ilé-iṣẹ́ tí ó ti jáde wà. Bí a bá túmọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sí èdè wa, ‘Títọ́ Ọmọ’ ni yóò jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó bá sọ pé ‘láti ayébáyé’ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, ó ti sọ ọ́ di koríko tí kò sẹ́ni tó gbìn ín. Irú ìyà yìí ti jẹ àwa náà rí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní London ní 1924. Àwọn òyìnbó wo iṣẹ́ náà, wọ́n yìn ín, ṣùgbọ́n ‘iṣẹ́ Yorùbá’ lásán ni wọ́n rí, wọn kò rí Ọlọ́wẹ̀. Ohun tí kò dùn mọ́ wa nínú nígbà náà kò yẹ kí ó dùn mọ́ wa nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹyin tún le ju ti ọmọlangidi lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ará Rọ́ṣíà ń kun ẹyin nígbà Àjíǹde. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ìda kọ, tí ìda kò jẹ́ kí aró ràn dé ibi tí ó bò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ti ń ṣe lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, pysanka ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Ukraine ni a sì mọ̀ mọ́ ọn jù lọ. Ní 2024, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àṣà ìran ènìyàn, Ukraine àti Estonia ni wọ́n sì gbé e wá. Láti 2022 ni Rọ́ṣíà ti ya bo Ukraine pẹ̀lú ogun ńlá. Bí a bá wá kó ẹyin Ukraine sínú ẹ̀kọ́ Rọ́ṣíà, àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré.

Páálí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ń ṣe matryoshka a jẹ́ kí igi gbẹ fún ọdún mélòó kan. Èyí tí ó kéré jù, tí kì í ṣí, ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́, nítorí òun ni yóò fi wọn ìyókù. Ìdajì ìsàlẹ̀ ni yóò ṣe kí ó tó gbẹ́ tòkè lé e, kí méjèèjì lè bá ara wọn mu. Páálí pẹlẹbẹ kò lè wọ inú páálí. Àwòrán ọmọlangidi ni àwọn ọmọ náà ṣe, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò sì kàn wọ́n lọ́wọ́.

N kò sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kẹta, àkọ́bí wọn fi amọ̀ mọ obìnrin kan ní àwòṣe ère Dymkovo, ti agbègbè Vyatka. Apá rẹ̀ méjèèjì kán nígbà tí ó gbẹ. Ọmọ náà fẹ́ sọ ọ́ nù. Mo ní kí ó dúró, mo sì sọ ìtàn Anna Mezrina fún un, obìnrin tí a bí ní 1853, tí ó di ọjọ́ ogbó nídìí ère yìí nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ni ó kù tí ń mọ ọ́n. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ arúgbó náà, bóyá iṣẹ́ ọ̀hún ì bá ti parẹ́. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bí Mezrina ṣe ń ṣe apá tirẹ̀ tí kò fi kán. Mo dá a lóhùn pé ìbéèrè náà gan-an ni ẹ̀kọ́. Ó bu amọ̀ mìíràn.