Ẹ̀rọ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ̀rọ náà kò ju búrẹ́dì kékeré kan lọ, orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sì gbà á dáadáa. Ojú kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà hàn, ike omi kan tó mọ́ gaara wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rọ́bà gígùn kan sì jáde lẹ́yìn rẹ̀ tó lọ parí síbi ìbòmú tí wọ́n fi sílíkónì ṣe. CPAP ni àwọn dókítà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni à ń pè é nílé wa níhìn-ín ní Wuse, nílùú Àbújá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń tì í wọ imú ẹni tó sùn láìsinmi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ́síjìn inú sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ará ilé jọ ń mí náà ni, àfi pé ipá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ipá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá ti sùn, ẹran ara ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, bóyá nítorí pé wọ́n sanra, tàbí pé ọrùn wọn ki, tàbí nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá àgbọ̀n wọn, ó máa ń dẹ̀ débi pé á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa. Èémí á dúró. Bí ìdúró náà bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà á kà á sí ọ̀kan. Ọpọlọ á ta ẹni náà jí díẹ̀, á fa èémí sínú gidigidi, á tún sùn lọ, kò sì ní rántí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí irú èyí bá ń wáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún ní wákàtí kan, ó ti di ọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 30 sókè ní wákàtí kan, tirẹ̀ ti le. Ẹ wá ro ọkàn tó ń bá irú oorun bẹ́ẹ̀ jà láti alẹ́ dé òwúrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn, gbogbo wọn ló ń rí àyè wọlé síbẹ̀. Oorun tó ń kun irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀sán ńkọ́? Ní 2013, Obianuju Ozoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn awakọ̀ èrò nílùú Èkó, wọ́n sì rí i pé ewu àìsàn yìí ga lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò sùn tán lóru ló ń gbé èrò kiri lójú pópó yẹn.

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ìhanrun kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sí ọsibítù. Bí baálé ilé bá ń hanrun, a ó ní ó sùn fọnfọn, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, kí ẹnikẹ́ni má jí i. Bó bá sì ta gìrì jí tí èémí há a lọ́fun, ọ̀rọ̀ lè di ti ogun òru, wọ́n á ní ẹnìkan ló fún un lọ́rùn lójú oorun. N kì í fi àdúrà ṣeré, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ariwo ìhanrun kọ́ ló ń dẹ́rù bani jù, ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀ lé e ni. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mọ ti tèmi. Á dìde jókòó lórí ibùsùn, á máa tẹ́tí sí èémí mi. "Bàbá Ṣadé, ẹ ti dákẹ́ jù o," ni yóò wí, á fọwọ́ tì mí léjìká. Ohun tó rí yìí ló sọ fún dókítà, dókítà sì ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò oorun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi.

Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni ẹ̀rọ yìí ti wá. Ṣáájú rẹ̀, bí àìsàn náà bá le lára èèyàn, ihò ni wọ́n ń dá sí i lọ́rùn kó lè máa gba ibẹ̀ mí. Ní 1980, Colin Sullivan, dókítà kan ní Sydney, gbìyànjú láti fi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ara mọ́tò ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ṣí ọ̀fun aláìsàn kan sílẹ̀ kó má lè padé. Aláìsàn náà sùn, èémí rẹ̀ kò sì dúró. Ní 1981, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé iṣẹ́ náà jáde, aláìsàn márùn-ún ni wọ́n sì ròyìn níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ń pariwo púpọ̀, alaalẹ́ ni wọ́n sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìbòmú mọ́ àwọn aláìsàn náà lójú. Bí mo bá ti rántí wọn, ìbòmú tèmi a fúyẹ́ lójú mi.

Síbẹ̀, kò rọrùn láti bá a gbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e wọ̀ á rò pé afẹ́fẹ́ náà fẹ́ gba mímí lọ́wọ́ òun ni. Ó ń wọlé nígbà téèyàn bá ń mí sínú, ó sì tún ń wọlé nígbà téèyàn bá fẹ́ mí síta. Àyà á já, ọwọ́ á yára lọ sí okùn láti fà á yọ. Ìmọ̀ràn tí nọ́ọ̀sì fún mi ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ẹ má fi òru bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ gbé e wọ̀, lórí àga ní pálọ̀, kí ẹ máa wo ìròyìn, kí ẹ máa fi imú mí jẹ́jẹ́, kí ẹ pa ẹnu dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ fi sun oorun ọ̀sán díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ní ètò tó máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kó máa le sí i bí oorun ṣe ń gbé ẹni lọ.

Okùn ìbòmú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tó ń fẹ́ sí ojú, ọwọ́ a máa yá láti fún okùn náà pinpin. Fífún un jù a máa wọ́ sílíkónì náà, afẹ́fẹ́ á sì túbọ̀ yọ. Kí ẹ dùbúlẹ̀ tán kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ fa ìbòmú síwájú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó padà jókòó fúnra rẹ̀. Okùn a máa fi ìlà sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ní oṣù kẹfà 2023, irú ìlà yẹn ni àwọn oníròyìn rí lójú Joe Biden, olórí Amẹ́ríkà nígbà náà, kí ilé ìjọba rẹ̀ tó sọ pé CPAP ló ń lò. Kí ẹnikẹ́ni má tijú ìlà náà. Bí èèyàn bá ti ń bọ́jú tó ń jẹun àárọ̀, ó ti ń parẹ́ lọ.

Nílùú Àbújá, ọyẹ́ àti iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n ń dán alálòó wò. Bí ọyẹ́ bá dé, ètè á bẹ́, imú á gbẹ táútáú, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ á sì tún dá kún un. Ìgbà yẹn ni ike omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wúlò jù. Omi distilled ni wọ́n ń bù sí i, ẹ̀rọ á mú un gbóná díẹ̀, ọ̀rinrin á bá afẹ́fẹ́ wọ imú. Ní àárọ̀, màá da èyí tó kù nù, màá fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìbòmú, màá sì tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì kó gbẹ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ kékeré yẹn. Ọ̀rá ara máa ń rọ̀ mọ́ sílíkónì. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ ojú lálẹ́.

Ti iná ló le jù. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín òru, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ihò wà lára ìbòmú tí kò ní jẹ́ kí èémí há, ṣùgbọ́n ọ̀fun ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra inverter àti bátìrì lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà Banex ní Wuse II. Iná tí CPAP ń jẹ kò pọ̀. Mímú omi gbóná ló ń jẹ ẹ́ jù, bí ẹ bá sì pa ìyẹn, bátìrì á pẹ́ sí i gan-an. Ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pààyàn láìsí ẹ̀rọ kankan, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé afẹ́fẹ́ yàrá gan-an ni CPAP ń tì sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí kan náà ni n kì í fi í jẹ́ kí wọ́n tan kọ́ìlì ẹ̀fọn níbi tí mo bá sùn.

Ẹ̀rọ CPAP wọ́n, n kò ní parọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá tòkunbọ̀. Kí wọ́n ṣọ́ra níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2021, ilé iṣẹ́ Philips kéde pé àwọn ń pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn padà, nítorí fóòmù inú rẹ̀ tó ń pa ariwo lè fọ́ wẹ́wẹ́ kí èèyàn sì fà á símú. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà pinnu ipá afẹ́fẹ́ tó yẹ yín. Ipá tó wo ọ̀rẹ́ yín sàn lè máà tó yín, ó sì lè pọ̀ jù fún yín.

Ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí pọ̀. Orí tó máa ń fọ́ mi láàárọ̀ ti lọ. Mo lè ka ìwé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán láìtòògbé. Ìyàwó mi náà ti ń sùn, torí ìró afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ nìkan ló ń gbọ́ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọkọ yín, aya yín tàbí òbí yín bá ń hanrun lálẹ́ òní, ẹ má kàn fi ìrọ̀rí bo etí. Ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Bí èémí bá ń dúró, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ̀yin fúnra yín sì ròyìn ohun tí ẹ gbọ́, nítorí ẹni tó sùn kò lè mọ̀ ọ́n.