Iṣẹ́ Ọwọ́ Lórí Ẹyin Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

A kì í la ẹyin tó ti wà nínú ooru fún ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni tó fẹ́ dín in. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀, á dúró kí ọlẹ̀ inú rẹ̀ léfòó wá sókè, kó tó ṣẹ́ èèpo rẹ̀ láti abẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì rọra yọ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ. Bí èèpo bá gún awọ tó di pupa ẹyin mú, iṣẹ́ bàjẹ́. Bí kò bá gún un, ọkàn pupa bíńtín kan á máa lù kì-kì-kì lójú ẹni. Robert Auerbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Judah Folkman wà lára wọn, ló kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1974.

Folkman jẹ́ dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọdé ní Boston. Láti 1971 ló ti ń sọ pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi ju mílímítà kan tàbí méjì lọ bí kò bá fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun mọ́ra. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ó nílò ibi tí iṣan ti ń hù lójú ẹni, ẹyin sì ní in: awọ tí ọlẹ̀ adìẹ fi ń mí. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹfà, awọ yìí ti tẹ́ sókè, ó mọ́ gaara, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì yà káàkiri bí iṣan ara ewé. Wọn á gbé egbògi tí wọ́n ti pò gbẹ mọ́ pátákó róbótó tó fẹ̀ tó mílímítà méjì lé e, wọn á dá a padà sínú ooru. Lẹ́yìn wákàtí 48, wọn á fi ẹ̀rọ awò wo ìdí pátákó náà bóyá iṣan ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí mo ti kan sáárá sí Folkman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ eruku. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá hẹ́párìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, máa ń mú kí iṣan hù kíákíá nídìí jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gé èèpo ẹyin, eruku rẹ̀ á bọ́ sórí awọ, awọ á bínú, á sì hu iṣan fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ka iṣan eruku mọ́ iṣan jẹjẹrẹ. Wọ́n fi kọ́tísóònù, tí í ṣe hòmónù, sí i kí ìbínú náà lè rọlẹ̀. Dípò kí iṣan pọ̀ sí i, ńṣe ló ń pòórá. Ní 1983 wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde: hẹ́párìn àti kọ́tísóònù pọ̀ ló dá iṣan tuntun dúró.

Èyí tí Robert Crum, Szabo àti Folkman ṣe ní 1985 tún yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń dán oríṣiríṣi hòmónù irú kọ́tísóònù wò pẹ̀lú hẹ́párìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì yọ tetrahydrocortisol sílẹ̀, èyí tó jẹ́ àṣẹ́kù tí ẹ̀dọ̀ ti tú ká, tí ara ń bá ìtọ̀ dà nù. Kò ní agbára hòmónù lórí ṣúgà, kò ní in lórí iyọ̀. Síbẹ̀ nínú àwọn tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, òun ló dá iṣan dúró jù. Ta ló máa ń yẹ ààtàn wò bẹ́ẹ̀?

Ní Tokyo, Oikawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ ìyá fítámì A lé irú awọ kan náà ní 1989. Ọgbọ́n ojú tiwọn ni pé wọ́n gún omi ọ̀rá funfun bíi wàrà sábẹ́ awọ kí wọ́n tó wò ó, kí pupa iṣan lè yọ kedere. Àwọn ọmọ ìyá fítámì A yìí náà dá iṣan dúró, díẹ̀ péré sì tó.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ọ̀tá iṣan ni fítámì A, ìyẹn fítámì tí ara ń rí ṣe láti inú epo pupa wa. Maija Zile ní Michigan fi ẹyin àparò Jàpáànù hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni bí ìyá ẹyẹ yóò ṣe yè tí ẹyin rẹ̀ kò sì ní ní fítámì A. Wọ́n fún un ní irú fítámì A kan ṣoṣo, èyí tó tó fún ìlera rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í wọ inú ẹyin. Ọlẹ̀ inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ń ní ọkàn, ṣùgbọ́n ojú ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé dí, iṣan tó yẹ kó so ó pọ̀ mọ́ ti pupa ẹyin kì í sì hù. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin, ó ti kú. Bí wọ́n bá gún fítámì A sínú ẹyin náà ní nǹkan bí ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tó wọ inú ooru, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á là, ọlẹ̀ á sì máa dàgbà lọ. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ náà kò ṣe nǹkan kan fún un mọ́.