Èékánná Kẹfà: Ohun Tí George Shaw Rí Lẹ́sẹ̀ Platypus

Lọ́dún 1799, nínú The Naturalist's Miscellany, George Shaw tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàpèjúwe platypus, ẹranko Ọsirélíà tó ń yé ẹyin, tó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Awọ gbígbẹ ló fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹranko náà ni wọ́n sábà fi ń rántí ìwé yìí, torí Shaw sọ gbangba pé ó kọ́kọ́ ṣe òun bíi pé ẹnìkan ló fi àrékérekè rán ẹnu pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ọn. Lójú tèmi, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló dára jù, ó sì dùn mí pé àwọn èèyàn máa ń fò ó.

Ó kọ ọ́ pé awọ tó so ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ gùn kọjá èékánná, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn kò kọjá ìdí èékánná. Èékánná iwájú tọ́, ó sì mú ṣóńṣó. Ti ẹ̀yìn gùn jù ú lọ, ó tẹ̀ díẹ̀. Ojú tó rí èyí mú gan-an! Ẹsẹ̀ iwájú ni platypus fi ń wẹ̀, ti ẹ̀yìn ló fi ń darí ara. Ohun tí awọ gbígbẹ kò lè fi hàn án ni pé ẹranko náà máa ń ká awọ iwájú sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá ń rìn tàbí tó bá ń gbẹ́lẹ̀.

Èékánná mẹ́fà ló kà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Márùn-ún ni èékánná. Ìkẹfà jẹ́ ẹ̀gún oníhò tí oró ń gbà jáde láti inú itan, akọ nìkan ló sì ń ní in tó bá dàgbà. Lọ́dún 1818, Linnean Society tẹ lẹ́tà tí John Jamison kọ láti New South Wales, nípa ọkùnrin kan tí ẹ̀gún náà gún, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wú.

N kò bá Shaw wí pé kò mọ oró. Ohun tí mo bá a wí ni pé gbogbo iyèméjì rẹ̀ ló ná sórí ẹnu, tó jẹ́ òótọ́, kò sì ṣẹ́ ọ̀kan kù fún èékánná kẹfà. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ pé ó ga ju àwọn yòókù lọ lára ẹsẹ̀, pé ó le, pé ó jọ èyí tó ń yọ lẹ́sẹ̀ àkùkọ. Ẹni tó bá ka lẹ́tà Jamison tán, tó padà sí ìwé Shaw, yóò bá ẹ̀gún náà níbi tó wà gan-an.