Àdàkọ Àwo Orin Àtijọ́ Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń so ẹ̀rọ agbáwo mọ́ kọ̀ǹpútà nínú ilé wọn, kí orin inú àwo àtijọ́ lè di fáìlì. Iṣẹ́ náà yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe àdàkọ orin ti di olóòtú, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Ohun tí ó bá gé kúrò, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè má mọ̀ pé ó wà rí.

Ojú àwo ni àkọ́kọ́. Àwo tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kì í sábà gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Àwo ńlá tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948 gba bí ìṣẹ́jú 20, àwọn ọ̀gá olórin wa sì fi àyè náà dárà. Nínú Jùjú, orin kan a máa wọnú òmíràn láìjẹ́ pé ìlù dákẹ́. Nínú Zombie ti Fela, fèrè àti ìlù ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí ohùn rẹ̀ tó wọlé. Ẹni tí ó bá gé irú iṣẹ́ báyìí wẹ́wẹ́ ti tú ohun tí olórin dì.

Ìró ni èkejì. Nígbà tí a ń ṣe àwo, a máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, a sì ń gbé ti òkè ga. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń dá wọn padà sí ipò wọn. Ẹni tí ó bá fo ẹ̀rọ yìí, àgídìgbo inú Àpàlà Haruna Ishola yóò tín-ín-rín létí rẹ̀, yóò sì rò pé bí àwọn àgbà ṣe ń lù ú nìyẹn. Bákan náà ni ètò kọ̀ǹpútà bí Audacity lè yọ ariwo àwo kúrò, ṣùgbọ́n ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ariwo náà púpọ̀. Bí a bá yọ ọ́ jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ a bá a lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí ó tọ́ kò ṣòro. Kí a kọ́kọ́ gba odidi ojú àwo sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, nínú fáìlì WAV tàbí FLAC tí kì í sọ ìró kankan nù. Kí a kọ nọ́ńbà àwo àti ojú tí orin wà, kí a sì ya fọ́tò àpò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ gé, kí ó gé ẹ̀dà kejì.

Àwo lè fọ́, oòrùn sì lè tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, fáìlì inú ilé yìí lè jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó kù.