Tábà Kékeré, Adùn Kíkún

Ẹni tí àyè rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, kí ló fẹ́ fi tábà gígùn ṣe, tí yóò pa á tì láàbọ̀? Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Minuto ní Kúbà ló yẹ ẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 110. Tábà tí wọ́n ń pè ní Partagás Shorts wà lára irú yìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ni mo ń yìn. Odindi ewé ni wọ́n ká sínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rún. Bí ewé inú bá ki jù, èéfín kò ní í ṣeé fà. Bí kò bá kún tó, á tètè gbóná, á sì korò. Nítorí náà, rọra tẹ̀ ẹ́ wò kí o tó rà á: kó má le bí igi, kó má sì rọ̀ lójú kan. Kí ewé ìta rẹ̀ jọ̀lọ̀, kó má là. Bí o bá ṣáná sí i, má kánjú fà á.

Ní Kúbà kan náà, àwọn ọmọ Lùkùmí, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ibẹ̀, ń fi tábà bọ Ẹlẹ́gbára àti Ògún. Ohun tí òrìṣà ń gbà lọ́rẹ tọ́ sí ẹni tó ń fara balẹ̀ yàn.